Owó Ìkánjú

*Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ ọdọọdún wa, ní Ìsàlẹ̀ Èkó*

   

Nígbà tí akọ̀wé wa pè mí pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ìdílé tí ọwọ́ wọn dí ṣe lè dín ìnáwó ilé kù, ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní ṣé èmi tí ẹ mọ̀ nílé-ìwé yìí, tí owó ìpápánu mi kì í dé ọjọ́ Ọjọ́rú, ni kí n wá kọ́ ènìyàn ní owó ṣíṣọ́ ná? Ó ní, "Ìwọ gan-an ni. Ẹni tó ti ṣubú ló mọ ibi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀." Ẹ wá rí i pé kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ló dúró níwájú yín. Ẹni tó ṣubú ni. Mo sì rí olùkọ́ wa tó kọ́ wa ní ìṣirò níwájú níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí mo bá ṣi ìṣirò ṣe, ẹ má nà mí lójú àwọn ọmọ mi.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀

Gbogbo wa la rántí ọdún 2023. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún ọdún náà, lítà epo bẹntiróòlù kan kò tó náírà 200 ní Èkó. Ní ọjọ́ 29 oṣù yẹn ni ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù keje tó parí, lítà kan ti kọjá náírà 500. Owó ọkọ̀ gbéra, ata gbéra, búrẹ́dì gbéra. Owó oṣù nìkan ló jókòó.

Nílé tiwa, a kì í ṣe ọ̀lẹ. Ọkọ mi ní ìsọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní Aláùsá. Aago márùn-ún àbọ̀ ni mo ti ń jáde, ó sì máa ń tó nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ kí n tó wọlé. Ọmọ mẹ́rin ni a bí, ìyá ọkọ mi sì ń gbé pẹ̀lú wa. Owó ń wọlé láti ọ̀nà méjì, a ò sì mọ ibi tó ń gbà jáde.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ọmọ wa kejì rí àyè sí yunifásítì. Ẹ bá mi yọ̀! A jó, a dúpẹ́. Wọ́n ní kí á san owó ìgbàwọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ mi wo àpò rẹ̀, èmi náà wo tèmi, a tún wo báńkì. Kò sí. Ọmọ náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, kò sunkún. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu. Mo lè dúró di ọdún tó ń bọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju ẹkún lọ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin la padà lọ yá owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ọkọ mi jà. Ó ní èmi ni mo ń ná owó ilé ní ìnákúnàá. Mo ní òun ni. Ìyá wa wà ní pálọ̀, wọ́n ń gbọ́ wa. Nígbà tó yá, wọ́n pè wá, wọ́n ní, "Ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí ohun tí ẹ ò tíì kà. Ẹ lọ kà á ná, kí ẹ tó padà wá jà."

Bí ìwé àkọsílẹ̀ ṣe dé ilé ìdáná wa nìyẹn. Ìwé ọmọ-ilé-ìwé lásán ni, a so ó kọ́ ìṣó, a fi òwú so bírò mọ́ ọn. Fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ra nǹkan gbọ́dọ̀ kọ ọ́: ohun tó rà, iye tó rà á, àti aago tó rà á. Àbíkẹ́yìn wa pàápàá kọ tirẹ̀: "bisikíìtì, lẹ́yìn sukúù."

Ohun tí ìwé náà sọ

Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ìgbà 186 ni a ti ra nǹkan. Mo pín wọn sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kìíní ni ohun tí a ti gbèrò kí á tó jáde nílé: 61. Ọ̀nà kejì ni ohun tí a rà nítorí pé ilẹ̀ ti ṣú, tàbí a ti pẹ́, tàbí nǹkan ti tán lójijì: 125. Ẹ gbà mí o!

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú 125 náà. Búrẹ́dì àti ìpápánu tí mo ń rà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé ọkọ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ orí afárá, nítorí ebi ń pa mí, mo sì mọ̀ pé n kò ní í se nǹkan nígbà tí mo bá délé. Oúnjẹ sísè tí a ń rà fún àwọn ọmọ lọ sílé-ìwé, nítorí a ò jí dáadáa. Ata tí a ń rà ní àwo kékeré ní aago mẹ́jọ alẹ́, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ pé a ò níbòmíì tí a fẹ́ lọ. Gáàsì kílò kan ṣoṣo ní ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́ ilé, nítorí sílíńdà tán nígbà tí ẹ̀wà ń hó lọ́wọ́. Owó POS, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Epo jẹnẹrétọ̀, nítorí owó inú mítà tán, kò sí ẹni tó ṣọ́ ọ.

Kò sí ìkankan nínú wọn tó pọ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àmọ́ nígbà tí ọkọ mi ro 125 náà pọ̀, ó dákẹ́, ó tún un rò. Àpapọ̀ wọn ju owó ìgbàwọlé tí a lọ yá lọ! Nínú oṣù kan ṣoṣo o.

Kì í ṣe jíjẹ la jẹ ẹ́. Kì í ṣe fàájì la fi ṣe. Ìkánjú ló gbà á. Wọ́n ní Èkó ò gba gbẹ̀rẹ́, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá ní gbẹ̀rẹ́ kankan nínú ọ̀sẹ̀, tí kò jókòó ní wákàtí kan láti ronú, Èkó á máa gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Owó ìkánjú ni mo pe owó yẹn.

Ohun tí àwọn ìyá wa mọ̀

Ìyá tó bí mi ta ẹja gbígbẹ ní Ẹ̀rẹ́kò. Kókó mẹ́ta ló máa ń wà létí ìró wọn: ọ̀kan fún owó ọjà, ọ̀kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún alájọ. Bí ebi ń pa wá, wọn kò ní í tú kókó owó ọjà. Wọn kì í sì í ra ata lálẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ Èbúté Èrò wà, gbogbo wa la mọ ọjọ́ náà, ó dà bí ọjọ́ Jímọ̀ tàbí ọjọ́ Ìsinmi.

Kì í ṣe pé àyè gbà wọ́n jù wá lọ. Ọ̀wọ́n gógó kì í ṣe àlejò ní ìgboro yìí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba òyìnbó yan ọ̀gbẹ́ni kan, Captain Pullen, láti máa fi iye lé gàrí àti oúnjẹ ìbílẹ̀ mìíràn l'Ékòó, wọ́n sì ṣí ibi tí ìjọba ti ń tà á. Iye orí ìwé wálẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ sá kúrò lójú ọjà; ẹni tó bá fẹ́ jẹun ní láti rà á ní kọ̀rọ̀ ní owó gọbọi. Alimọtu Pẹlẹwura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Ẹ̀rẹ́kò jẹ́ ibùjókòó rẹ̀, dojú kọ ètò náà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ náà daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà nítorí pé owó oṣù kò ká oúnjẹ mọ́. Lẹ́yìn náà la tún rí ti 1982, nígbà tí ìjọba Shagari ní kí á fún ìgbànú le. A rí 1984, tí a ń tò nítorí mílíìkì àti ṣúgà. A rí SAP ní 1986. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí tò yẹn? Ìyá wa á fi wá sórí ìlà, wọn á lọ sọ́jà, wọn á tún padà wá.

Ohun tí wọ́n fi là á já ni mo ń sọ: wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n ń ra nǹkan, wọ́n sì mọ kókó tí owó kọ̀ọ̀kan wà. Ìyẹn náà la padà lọ gbé wálé.

Ohun tí a ṣe

Àkọ́kọ́, a padà sí ọjọ́ ọjà. Sátidé kan nínú oṣù, ọkọ mi ń lọ Òkè Àrín fún àwọn nǹkan tí kì í bàjẹ́: ọṣẹ, mílíìkì, ṣúgà, òróró. Ó súnmọ́ ìsọ̀ rẹ̀, òṣùwọ̀n ńlá ni wọ́n sì fi ń tà níbẹ̀. Fún ìrẹsì, ẹja tútù àti tòmátì, àwa ìdílé mẹ́rin nínú agbo ilé la jọ ń pín in. Àpò ìrẹsì kan, a fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Páálí ẹja kan, a kà á lójú ara wa. Ẹnì kan ló ń lọ Mile 12 fún tòmátì, àwa yòókù á sì dá owó ọkọ̀ rẹ̀ fún un. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: bí ènìyàn kan bá dá lọ Mile 12 láti Ìsàlẹ̀ Èkó nítorí agbọ̀n kan, owó ọkọ̀ lè jẹ èrè náà tán.

Tòmátì náà ní ìgbà tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ló máa ń pọ̀ wá láti òkè Ọya. Nígbà òjò ó máa ń wọ́n. Ní 2016, kòkòrò kan jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní Ebola tòmátì; ẹ rántí bó ṣe wọ́n tó. Ìgbà tó bá wọ́n, a kì í bá a jà. A ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò tí ata àti irú gbé dùn, a ń jẹ gbẹ̀gìrì, a ń jẹ ewédú. Àwọn bàbá wa jẹ ẹ́, wọn kò kú.

Ẹ̀wà tí a bá rà púpọ̀, inú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ọmọrí rẹ̀ dé pinpin la ń kó o sí, kí kòkòrò má baà ráyè mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn ẹ̀fọn tàbí ti aáyán sí ẹ̀wà. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ títí. Ẹni tó ń ṣọ́ owó ná kò gbọdọ̀ fi owó náà ra àìsàn.

Èkejì, sísè. Ní ìrọ̀lẹ́ Sunday, gbogbo ilé ló ń wọ ilé ìdáná. A ó se ata títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ, a ó pín in sínú ike. Ẹ̀wà, a ó rẹ ẹ́ mọ́jú kí ó lè tètè jinná, a ó sì dé ìkòkò. Gáàsì tí a ń fi jó afẹ́fẹ́ tẹ́lẹ̀ kì í ṣe díẹ̀. Ọmọkùnrin wa ọlọ́dún mẹ́rìnlá ni ọ̀gá ata sísè báyìí. Ọkọ mi ń bẹ́ ẹ̀fọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin ọkùnrin, mo rí yín! Bí ó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo fi orí ru ètò yìí ni, oṣù kejì kò bá má bá a láyé. Ìdílé ni ọwọ́ rẹ̀ dí, ìdílé náà ló gbọ́dọ̀ tú u.

A kì í kó ju ohun tí iná lè tọ́jú lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni odiwọ̀n wa. Ibi tó bá ṣófo nínú fírísà, a ń fi omi inú ọ̀rá kún un kó dì, kí òtútù lè pẹ́ nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ẹ̀kẹta, iná àti ọkọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, fún àwọn tí wọ́n pín sí ìsọ̀rí Band A, yúníìtì iná kan tí kò tó náírà 70 fò di náírà 225. Láti ìgbà yẹn, ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ la ń lọ aṣọ, ọmọ wa kẹta ló sì ń ka mítà láràárọ̀, tó ń kọ ọ́ sára ògiri. Sílíńdà kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ńlá. Bí ńlá bá tán lálẹ́, kò sí ẹni tó máa sáré. Ọmọ wa tó ń lọ sí LASU ní Ọ̀jọ́, reluwé Blue Line tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ló ń wọ̀ láti Marina dé Mile 2, kó tó wọ ọkọ̀ mìíràn. Èmi, mo ń gbé oúnjẹ dání. Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọjọ́ orí mi yìí, mo tún ń gbé abọ́ oúnjẹ dání bíi ti Fọ́ọ̀mù Wáànù.

Ẹ̀kẹrin, kókó mẹ́ta ti ìyá mi. Ọjọ́ tí owó oṣù bá wọlé ni a ń so wọ́n. Kókó kìíní ni ti ilé-ìwé àwọn ọmọ. Ó ń lọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi kí ọwọ́ wa tó kàn án. Kókó kejì ni ti oúnjẹ àti ilé. Kókó kẹta ni ti àìròtẹ́lẹ̀, nítorí ara á rò, bàtà á já. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ la ń gba owó lọ́wọ́ oní-POS.

Ṣé gbogbo rẹ̀ wá dán mọ́rán? Rárá o. Lóṣù tó kọjá, ìwé sọ pé mo ra búrẹ́dì lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé ọmọ yẹn ti ọdún kejì, a san án kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, a sì ti san gbèsè àbúrò ọkọ mi tán.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí kí n tó jókòó. Ẹni tó ní ohun tó ń jò ló lè dí i. Ní ọdún 2024 ni owó oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí kúrò ní náírà 30,000 bọ́ sí 70,000. Ní àárín ọdún kan náà, owó oúnjẹ ti fi ohun tó ju ìdá 40 nínú 100 lọ ga ju ti ọdún tó ṣáájú. Ẹni tó ń fi irú owó yẹn bọ́ ọmọ mẹ́ta, kò sí ìkánjú kankan nínú ìwé tirẹ̀. Ebi ló wà níbẹ̀. Ẹ má lọ kí n ní ìwàásù fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ ọdún 1945 mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí ilé lè ṣe àti ohun tí ìjọba gbọ́dọ̀ ṣe. Kí àwa náà mọ̀ ọ́n.

Èyí ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ ara wa nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹlẹgbẹ́ wa kan wà, tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tó ń bá ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ìṣirò. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ó ti tó ìpàdé méjì tí a kò rí i. A ní ó ti gbàgbé wa. Àwọn kan ní ìgbéraga ni. Mo pàdé rẹ̀ ní Jáńkárà. Ó dì mọ́ mi, ó béèrè gbogbo yín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí ló dé tí o kò wá mọ́? Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Léèsì yẹn ni. N kò lè ra á, n kò sì fẹ́ jẹ́ èmi nìkan tí kò wọ̀ ọ́."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó mú léèsì yẹn. Èmi gan-an ni mo ní kí á má mú èyí tó pọ́ọ́kú, kí wọ́n má baà fojú kéré wa. Èmi tí mo yá owó ìgbàwọlé ọmọ mi!

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo bẹ̀ yín. Lọ́dún tó ń bọ̀, kí á fi aṣọ ẹbí sílẹ̀. Kí á wọ àwọ̀ ilé-ìwé wa, èyí tí kálukú ti ní nílé, ì báà ṣe tuntun, ì báà ti ṣá. Ẹni tó bá fẹ́ná owó léèsì rẹ̀, kó gbé e fún akápò, kí á fi san owó ìdánwò fún ọmọ kan nílé-ìwé wa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún jókòó sílé nítorí aṣọ.

Bí ẹ bá wò mí dáadáa, ẹ ó rí i pé aṣọ tí mo wọ̀ yìí, ti ìpàdé ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ó ṣì bá mi mu díẹ̀. Mo ti sọ fún ẹni yẹn pé aṣọ àtijọ́ ni mo máa wọ̀ wá lónìí. Ó ní òun á gbìyànjú.

Ó wà lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ẹ bá mi kí i káàbọ̀.